Ààwẹ̀ Tí Ọmọ Mi Kò Lè Gbà

Obì kan ni Alhájà Sàlámọ̀ fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ rẹ̀ ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa ní Ṣàgámù, láti wá kọ́ṣẹ́. Ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Ó pupa dáadáa, ó ń dán, kò ní àbààwọ́n kankan.

Mo ní, "Obì tó dára ni, mà."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó là á sí méjì. Kòkòrò kékeré funfun kan ń yí nínú ihò tó ti gbẹ́ sáàárín awẹ́ náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà yìí, ojú lẹ máa ń lò ṣáá," ó wí. "Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ obì. Ìka ni, àti bó ṣe wúwo tó lọ́wọ́." Ó wá na ọwọ́, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. "Èyí tó o pọ̀n yìí ńkọ́? Ṣé o mọ ohun tó wà nínú òun náà?"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà ní ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Muibat ni ọmọ náà. Kò tíì rìn nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Obì gbànja ni à ń tà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gòrò. Àwọn àgbẹ̀ á ti yọ ọ́ kúrò nínú èèpo rẹ̀ lóko, wọ́n á gbé e wá fún wa pẹ̀lú awọ funfun lára. A ó rẹ ẹ́ sómi títí awọ náà yóò fi rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí omi rẹ̀ ro. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà: èyí tó gbọgbẹ́ lọ́tọ̀, èyí tó kéré lọ́tọ̀, èyí tí a fura sí lọ́tọ̀. A ó fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, a ó kó obì sí i, a ó fi ewé bò ó, a ó sì dì í.

Àlejò á rò pé iṣẹ́ parí níbẹ̀. Kò parí. Obì inú apẹ̀rẹ̀ ń mí, ó sì ń làágùn. A gbọ́dọ̀ máa tú u lóòrèkóòrè, kí a pààrọ̀ ewé, kí a sì yọ èyí tí kòkòrò ti mú kúrò láàárín àwọn yòókù. Láti oko ni kòkòrò ti máa ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí ihò lára obì, ó ti jẹun yó, ó ti ń jáde ni. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ́jú obì kì í simi. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, nítorí ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí, mo sì máa ń fẹ́ wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Alhájà Sàlámọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ obì jù ní gbogbo ìlà wa. Síbẹ̀, òun ló ṣe àṣìṣe tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, ọjà kò tà, ó kó àwọn apẹ̀rẹ̀ kan sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó ní òun ń dúró kí owó obì gbéra. Nígbà tó yá, a ní kó jẹ́ ká tú wọn. Ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé wọ́n wà dáadáa. Ohun tó ń ṣe ni pé á gé ewé tuntun wá, á fi bo ojú wọn, á tún wọn dì, láì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀.

Oníbàárà wa àtijọ́ kan wà tí a ń pè ní Màì Gòrò. Hausa ni, ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni wọ́n bí i sí. Òun ló wá ra àwọn apẹ̀rẹ̀ náà. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ èyí àkọ́kọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun jáde.

"Alhájà," ó wí, "gòrò ni mo wá rà. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹlùbọ́?"

"Màì Gòrò, má fi mí ṣẹ̀sín."

"Kò sí ẹ̀sín ńbẹ̀. Ẹ kàn gbé omi kaná, kí n sáré lọ ra ọbẹ̀ wá."

A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó lọ tán, Alhájà jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ òfìfo kan, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti mọ̀. Òórùn rẹ̀ ti ń dé imú mi láti ọjọ́ yìí. Mi ò fẹ́ fojú ara mi rí i ni." Ó wá ní, "Ewé tuntun kì í pa kòkòrò."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ obì ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ obì náà ló sì ń sọ.

Inú ìsọ̀ yẹn ni Muibat dàgbà sí. Ìka rẹ̀ mọ obì kíákíá ju tèmi lọ. Ó kéú, ó sì ka Kùránì parí kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó parí. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ Ìsìláàmù. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà nígbà yẹn, kó tó di pé ó kú. Òun ló máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó tírélà Ògèrè pé, "Ọmọ mi máa di tíṣà Àfáà."

Muibat ti lo ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá mú un. Kò sùn mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí ìyẹn lọ, òdìkejì rẹ̀ dé. Ó dùbúlẹ̀, kò lè dìde mu omi. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Màámi, Ọlọ́hun ti yíjú kúrò lára mi." Bó ṣe rí láti ìgbà náà nìyẹn. Èyí á lọ, èyí á dé, àlàáfíà díẹ̀ á wà láàárín.

Ẹnu ò ṣàì sọ̀rọ̀ ládùúgbò. Àwọn kan ní àlùjànnú ni. Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa fi ohùn wáàsí kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, tí oníwáàsí náà ti ń sọ pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá pé, ìbànújẹ́ kò lè ráyè lọ́kàn rẹ̀. Muibat gbọ́ ọ. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo pa fóònù náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọlé.

Àfáà Gàníyù, tó jẹ́ lémọ́ọ̀mù mọ́sálásí wa, wá ka Kùránì sí i lórí, ó fẹ́ àdúrà náà sínú omi, Muibat sì mu ún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó fúnra rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀. "Ìyá Muibat, mo ti ṣe tèmi, mi ò sì ní dákẹ́ àdúrà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àdúrà kì í bá oògùn jà."

Ilé ìwòsàn náà fún un ní oògùn tó bá a lára mu. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa obì. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ fún wa gidigidi. Oògùn àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni, omi kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ lára rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, oògùn náà lè di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo béèrè pé, "Ààwẹ̀ ńkọ́, dókítà?"

"Kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, mà."

"Títí di ìgbà wo?"

Ó wo Muibat kó tó wò mí. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ."

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Àfáà lọ. Ó ṣàlàyé ohun tí ẹ̀sìn wí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kà á mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Aláìsàn tí à ń retí pé yóò sàn, yóò jẹ ààwẹ̀ náà sílẹ̀ bíi gbèsè, yóò sì gbà á padà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá le. Aláìsàn tí a kò retí ìwòsàn rẹ̀, fídíyà ni tirẹ̀: yóò bọ́ aláìní kan dípò ààwẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ gbèsè kankan mọ́.

Àfáà bi mí pé, "Èwo ni ká kà á sí, Ìyá Muibat?"

"Yóò sàn," mo wí. "Yóò gbà á padà."

Ta ni ìyá tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èkejì? Bí mo bá san fídíyà, ó dà bí ẹni pé mo ti di ọmọ mi sínú apẹ̀rẹ̀, mo ti ran án lẹ́nu pa. Ní ọdọọdún, bí Rọ̀mọ̀dáànù bá ti ń bọ̀, Àfáà á tún bi mí, èmi náà á sì tún dáhùn bákan náà. Ọdọọdún ni gbèsè ààwẹ̀ náà ń gorí ara wọn.

Mo tún ṣe ohun kan tí mo pè ní ààbò. Mo to àwọn apẹ̀rẹ̀ obì ní igun ẹ̀yìn ìsọ̀, mo fi wọ́n ṣe yàrá kékeré kan, kí Muibat lè máa wọbẹ̀ mu omi rẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀ láìsí ẹni tí yóò rí i. Sábó ni a wà. Gbogbo ẹnu ló gbẹ níbẹ̀ lọ́sàn-án Rọ̀mọ̀dáànù, gbogbo ojú ló sì ń wo ọ̀fun ẹlòmíràn.

"Ṣé ẹ ti wo ìta, Màámi?" á béèrè.

"Mo ti wò ó. Mu ún kíá."

"Bíi olè."

"Olè kọ́. Mu ún, ọmọ mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ èṣí, mò ń tú obì ní igun yẹn. Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ewé rẹ̀ ti rà. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ewé náà ni, òjò kò sì jo wọ ibẹ̀. Mo da obì náà sílẹ̀. Láàárín àwọn obì pupa náà ni mo rí àwọn nǹkan kéékèèké funfun tó ti ń yọ́. Mo rò pé kòkòrò ni. Mo mú ọ̀kan, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́ kúnná. Oògùn Muibat ni.

Inú apẹ̀rẹ̀ ló ń da omi rẹ̀ sí, òun àti oògùn náà. Ó ń gbààwẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ìsọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ní kíákíákíá, ó ń bu obì fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Màì Gòrò dúró tì í, ó ń rọra gba àwọn obì náà, ó sì ń dá wọn padà sínú igbá láì jẹ́ kó mọ̀.

"Muibat, kí lo ṣe yìí?" Oògùn tó yọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Mò ń san gbèsè mi!" Ojú rẹ̀ ń tàn bí iná. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní màá san án? Ọdọọdún lẹ ń sọ fún Àfáà pé màá san án. Ó ti pọ̀ jù, Màámi! Bí mo bá kú ńkọ́? Ta ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ̀yin ni?"

Kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti sáré bọ́ sí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀. Màì Gòrò, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ló gbá híjáàbù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú yẹ̀pẹ̀. Ọkọ̀ náà fọn fèrè, ó kọjá. Màì Gòrò kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń sọ pé, "Ọmọ mi, ọmọ mi, ọmọ mi," bí ẹni pé òun ló bí i.

A tún padà sílé ìwòsàn. Nígbà tí ìwàǹwára náà lọ, ìdùbúlẹ̀ dé, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò dé. Mo jókòó tì í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mò ń sọ ohun tí mo máa ń sọ: yóò sàn, Ọlọ́hun kò ní gbàgbé wa, ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ìrètí yín wúwo." Ó kọjú sí ògiri. "Ojoojúmọ́ tí mi ò bá sàn, ó dà bí pé mo tún ṣẹ̀ yín, mo tún ṣẹ Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ kí n kàn jẹ́ aláìsàn. Kí n lè sinmi."

Mo na ọwọ́ láti tún aṣọ ìbora rẹ̀ tò, mo sì rí i pé ó ti wà bó ṣe yẹ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo lọ kí Alhájà Sàlámọ̀ nílé rẹ̀ ní Ibido. Ó ti dàgbà, kì í wá sí ìsọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń fi ìka yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, mo rò pé kò gbọ́.

"Ṣé o rántí àwọn apẹ̀rẹ̀ mi ọjọ́sí?" ó béèrè.

Inú bí mi. "Ọmọ mi kì í ṣe obì, Alhájà."

"Mo mọ̀. Bó bá jẹ́ obì ni, à bá dà á nù, ká sùn. Ọmọ ni, ìwọ á máa tú u, ìwọ á máa tún un dì títí ẹ̀yin méjèèjì á fi wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣí i, kó o wò ó. Ewé lò ń pààrọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé Àfáà lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé. Mo ní, "Fídíyà ni, Àfáà. Gbogbo rẹ̀, láti ọdún àkọ́kọ́."

Ó dìde. "Ìyá Muibat, ẹ kò sọ pé Ọlọ́hun kò lè wò ó sàn o. Ohun tí ẹ mọ̀ lónìí lẹ sọ."

"Mo mọ̀, Àfáà," mo wí.

Ìkọ́kọrẹ́ ni a sè, èmi àti Muibat, fún àwọn obìnrin aláìní tó máa ń bá wa bó awọ obì. Ọjọ́ púpọ̀ ni a fi sè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yẹ kí n sọ fún wọn ohun tí oúnjẹ náà wà fún. Mo bẹ̀rẹ̀: "Nítorí ọmọ mi yìí ni, ẹni tí àìsàn rẹ̀..." Muibat gba ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Tí a kò retí pé kó lọ," ó wí fún wọn. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́, mà. Ẹ bá mi san gbèsè ààwẹ̀ mi."

Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ṣàdúrà fún un. Mo wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun, mo rí i pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Inú mi ì bá dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń jẹ sàárà òkú ni mo ń rí gbogbo wọn, mo sì bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Rọ̀mọ̀dáànù tún ti wọlé báyìí. Mo ti tú yàrá apẹ̀rẹ̀ náà ká. Iwájú ìsọ̀ ni Muibat jókòó sí, ó ń ṣa obì, ìgò omi rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lánàá, obìnrin kan wá nájà, ó rí i tó gbé omi sẹ́nu.

"Háà! Híjáàbù lórí, omi lọ́fun! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò tilẹ̀ bẹ̀rù!"

Muibat gbé omi rẹ̀ mì tán kó tó dáhùn. "Aláìsàn ni mí, mà. Mo ti bọ́ ènìyàn dípò tòní. Èwo lẹ fẹ́ nínú obì yìí, ti ńlá ni àbí ti kékeré?"

Obìnrin náà wò mí. Mo tẹ orí ba sórí apẹ̀rẹ̀ mi, mo ń fi ìka wá èyí tí kòkòrò ti wọ̀.

Ìka mi ti mọ obì báyìí. Tí wọ́n bá fi ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti ọmọ mi ni n kò mọ̀. Láràárọ̀ tí ó bá jí, mo máa ń fetí sí bí ó ṣe ń yára sọ̀rọ̀ tó, tàbí bí ó ṣe ń pẹ́ kí ó tó dáhùn. Mo ṣì ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ó wò ó sàn, lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ètè mi mì mọ́, nítorí Muibat máa ń wo ẹnu mi.